Ọmọ Èkó Tí Ó Ń Kọ́ Àwọn Òmìrán

 

Bí a bá dárúkọ apẹ̀rẹ̀ ní Ògùnpa, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni ni apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti ata tí alábàárù ń gbé kọjá, tí ó ń ké pé kí ènìyàn yà lọ́nà. Ọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀ ni mo bá wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí à ń gbé sórí. Ní ọdún 1891, ní ìlú Springfield ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ James Naismith kan apẹ̀rẹ̀ èso méjì mọ́ òkè inú ilé ìdárayá, ó ní kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa ju bọ́ọ̀lù sínú wọn, nítorí òtútù kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣeré ní ìta. Bí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìdí apẹ̀rẹ̀ kò tilẹ̀ lu nígbà náà. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, àfi kí ẹnì kan gun òkè lọ mú un wá.

Ọmọ Ìbàdàn kì í fi kàlẹ́ńdà ka ọdún 1980. Ọdún omíyalé ni à ń pè é. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún náà, òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, odò Ògùnpa kún bo bèbè, ó wọ ilé, ó wọ ìsọ̀, ó gbé ọkọ̀, ó sì gbé ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tí ó ṣojú rẹ̀ kì í fẹ́ ròyìn rẹ̀ tán. Nínú ọdún yẹn náà ni ọmọkùnrin Yorùbá kan, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, fi Èkó sílẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Hakeem Ọlájùwọ́n ni orúkọ rẹ̀. Mo fi ọdún omíyalé sí i kí ẹ̀yin ará Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba lè mọ ìgbà tí mo ń wí.

Ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1963 ni a bí i. Sìmẹ́ńtì ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ń tà ní Èkó. Ó lọ sí Muslim Teachers College, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ fẹ́ràn níbẹ̀, aṣọ́lé ni. Lẹ́yìn èyí ni hánbọ́ọ̀lù, èyí tí à ń fi ọwọ́ jù sínú ilé. Ti alápẹ̀rẹ̀ kò sí nínú ìrònú rẹ̀ rárá. Ó ti tó ọmọ ọdún márùndínlógún kí ó tó di pé ó gbá a, Ganiyu Otenigbade, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ní Èkó, sì wà lára àwọn tí ó rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ aṣọ́lé àti hánbọ́ọ̀lù yìí bọ́ sọnù lọ́wọ́ yín, a ó tún padà bá a.

Òyìnbó Amẹ́ríkà kan, Christopher Pond, tí ó rí bí ó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, ni ó bá a sọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn yunifásítì. New York ni ó kọ́kọ́ sọ̀ sí. Òtútù tí ó pàdé rẹ̀ níbẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ, ó bá kọrí sí Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí oòrùn ti ń mú bíi tiwa. Kò sí ẹni tí ó wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó tẹ Yunifásítì Houston láago, wọ́n ní kí ó wọ takisí máa bọ̀. Bí wọ́n ṣe gba ẹni tí yóò sọ ilé náà di olókìkí nìyẹn!

Guy Lewis ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀. Ní ọdún kìíní, Ọlájùwọ́n kò gbá ìdíje kankan. Ní ọdún kejì, orí ìjókòó ni ó ti ń dúró de ìgbà tí wọn yóò pè é. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi, ó a máa lọ sí gbọ̀ngàn kan tí ń jẹ́ Fonde, níbi tí Moses Malone ti ń ṣeré. Ọ̀jẹ̀ ni Malone, òun ni òpó Houston Rockets nígbà náà, kò sì ṣàánú ọmọ Èkó. Ó ń fi èjìká tì í, ó ń fi ìgúnpá lé e sẹ́yìn, títí tí ọmọ náà fi mọ bí a ti ń dúró tí a kì í ṣubú. Ní tèmi o, inú gbọ̀ngàn yẹn ni mo gbà pé ó ti kàwé jáde.

Ní 1982, 1983 àti 1984, ọdún mẹ́ta léraléra, Houston wà nínú àwọn mẹ́rin tí ó kù nínú ìdíje gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà. Wọn kò gba ife náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti 1983 ni ó dunni jù. Wọ́n ti dọ́gba, 52 sí 52, àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nígbà tí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ North Carolina State ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, tí kò tilẹ̀ dé apẹ̀rẹ̀. Lorenzo Charles fò, ó gbà á lójú òfuurufú, ó sì kì í bọ apẹ̀rẹ̀. Ó parí. Ọlájùwọ́n ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹni tí ó ta yọ jù lọ, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó pàdánù. Kí ni ènìyàn ń fi irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ṣe? Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Georgetown, tí Patrick Ewing jẹ́ olórí wọn, tún borí wọn ní 84 sí 75.

Àṣà àwọn ẹgbẹ́ tí ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ajé níbẹ̀ ni pé lọ́dọọdún wọn a máa tò, wọn a sì máa mú àwọn ọ̀dọ́ ní ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní 1984, owó ẹyọ ni wọ́n ta sókè láàárín Houston àti Portland kí wọ́n tó mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú. Houston jẹ, wọ́n sì mú Ọlájùwọ́n. Michael Jordan tí gbogbo ayé mọ̀ yìí, ẹni kẹta ni wọ́n mú un ní ọjọ́ náà. Ní 1986 Rockets dé àṣekágbá, Boston Celtics borí wọn. Lẹ́yìn náà, ọdún ń lọ, ọdún ń bọ̀, kò sí ife.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1994. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ní ìlú Dallas ní Texas, Super Eagles gbá eré wọn àkọ́kọ́ nínú ife àgbáyé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ràṣídì Yẹkínì ni ó kọ́kọ́ gbá a wọlé Bulgaria, ó di àwọ̀n mú, ó ń ké bí ẹni tí orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbè. Ó di 3 sí òdo. Òru ni lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ṣùgbọ́n ta ni ó sùn ní Ìbàdàn? Yẹkínì tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars tiwa, ọmọ ilé ni à ń pè é. Ní ọjọ́ kejì, ní Texas kan náà, ní Houston, Ọlájùwọ́n bọ́ sí pápá fún eré keje àṣekágbá pẹ̀lú New York Knicks. Ta sì ni òpó Knicks? Patrick Ewing ni, ẹni tí ó gba ife mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Díẹ̀ ni ó kù kí ó má tilẹ̀ sí eré keje. Nínú ẹ̀kẹfà, Houston fi 86 sí 84 síwájú, John Starks gbé bọ́ọ̀lù sókè láti ju èyí tí ó ní àmì mẹ́ta, Ọlájùwọ́n na ọwọ́, orí ìka ni ó fi kàn án, bọ́ọ̀lù sì yẹ̀. Nínú ẹ̀keje, 90 sí 84, Houston gba ife. Ní ọdún yẹn ó gba ẹ̀bùn ẹni tí ó dára jù, ti ẹni tí ó mọ ilé ṣọ́ jù, àti ti ẹni tí ó ta yọ ní àṣekágbá. Kò sí ẹlòmíràn tí ó tíì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ nínú ọdún kan ṣoṣo rí.

Ọmọ Yorùbá méjì, ìpínlẹ̀ kan, ọjọ́ méjì tí ó tẹ̀ léra! Ẹnì kan ni a jó fún ní Ògùnpa. Èmi náà wà níbẹ̀, mo jó títí bàtà mi fi já, n kò sì mọ̀ pé ẹnì kejì wà. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó gbọ́.

Ní 1995 wọ́n tún gba ife náà, wọ́n borí Orlando Magic ti Shaquille O'Neal ní eré mẹ́rin sí òdo. Oṣù kejì ọdún yẹn bọ́ sínú ààwẹ̀ Ràmàdánì. Ọlájùwọ́n ń gbààwẹ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, òun náà ni wọ́n sì yàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ta yọ jù nínú oṣù náà. Ìgbà yẹn ni ó bá ilé iṣẹ́ Spalding ṣe bàtà tí owó rẹ̀ kò ju nǹkan bíi dọ́là 35 lọ, nígbà tí bàtà àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọjá 100. Ẹni tí òbí rẹ̀ ta sìmẹ́ńtì mọ ohun tí owó jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà tí àwọn kan kò tíì jẹ́ kí ó tán. Ní 1993 ó di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1996 ó sì bá wọn gba wúrà Òlíńpíìkì ní Atlanta. Òlíńpíìkì kan náà ni àwọn ọmọ wa ti gba wúrà bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, nítorí náà ó rọrùn láti fi wé wọn. Mo ti gbọ́ ọ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ lẹ́bàá afárá pé ó ta ilé fún àlejò. N kò bá wọn dá ẹjọ́ náà. Ó ti wọ aṣọ Nàìjíríà nígbà èwe rẹ̀. Ní 1996, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn ọkùnrin Nàìjíríà kò tíì dé Òlíńpíìkì rí. Ìgbà tí ó di 2012 ni wọ́n tó dé ibẹ̀. Ibo ni a ní kí ó jókòó sí dè wá? Síbẹ̀ n kò ní purọ́ fún yín, nígbà tí mo rí i nínú aṣọ wọn, inú mi kò dùn.

Ó fi ọdún kan gbá fún Toronto, ó sì fẹ̀yìn tì ní 2002. Kò di akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà fún ẹgbẹ́ kankan. Ohun tí ó ṣe yàtọ̀, mo sì rò pé ó tóbi jù ú lọ. Ní 2009 Kobe Bryant, tí ó ti gba ife mẹ́rin, lọ bá a ní Texas pé kí ó wá kọ́ òun. Ní 2010, Dwight Howard lọ. Ní 2011, lẹ́yìn tí LeBron James pàdánù ní àṣekágbá, òun náà lọ jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní 2012 ó gba ife rẹ̀ àkọ́kọ́.

Kí ni wọ́n ń lọ kọ́? Ẹsẹ̀ ni. Òmìrán tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje sábà máa ń dúró gbagidi bí igi ìrókò. Ọlájùwọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò kọ ẹ̀yìn sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, yóò mi èjìká sí ọ̀tún bí ẹni tí ó fẹ́ jù ú, onítọ̀hún yóò fò sókè. Kí ó tó balẹ̀, Ọlájùwọ́n ti gba òsì yọ. Aṣọ́lé ni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kí ó tó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Ẹni tí ó gbá hánbọ́ọ̀lù ni ó mọ bí a ti ń fi ara tan ènìyàn jẹ. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé ibẹ̀ ni ó ti rí i. Èyí tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní Texas, inú iyanrìn Èkó ni ó ti gbé e wá kí ó tó mọ̀ pé a ń ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíràn wà tí ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá gan-an. Ime Udoka, kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Ìlú Portland ni a bí i sí ní 1977, ó gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì ibẹ̀, ó fi ṣiṣẹ́ ajé, ó sì wọ aṣọ Nàìjíríà nínú ìdíje àgbáyé ní Japan ní 2006. Ní 2022 ó kó Boston Celtics dé àṣekágbá. Nígbà tí ó di 2023, Houston Rockets ní kí ó wá máa kọ́ àwọn. Bí ó bá gbójú sókè nínú gbọ̀ngàn ibẹ̀, yóò rí aṣọ kan tí wọ́n gbé kọ́ láti ọdún 2002, tí wọn kò fún ẹnikẹ́ni wọ̀ mọ́: nọ́ńbà 34, pẹ̀lú orúkọ Olajuwon lára rẹ̀.