Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Irú Fáìlì Fídíò àti Iyára Iṣẹ́ Olóòtú Fíìmù

Ẹni tí ó bá ti Agége ń lọ sí Oko Ọba yóò gba Pen Cinema kọjá. Ilé sinimá tí ó fún oríta náà lórúkọ ti kógbá wọlé tipẹ́; afárá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ní 2021 ni ojú ń rí níbẹ̀ báyìí. Síbẹ̀, orúkọ yìí ń rán ni létí ìgbà tí fíìmù jẹ́ ohun tí ọwọ́ ń dì mú, tí gbogbo ènìyàn sì mọ ìdí tí ó fi ń pẹ́ kí ó tó jáde.

Nígbà tí Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní 1976, tí Hubert Ògúndé sì gbé Ayé jáde ní 1979, orí sẹ́lúlọ́ìdì ni wọ́n ya fíìmù sí. Òkè òkun ni wọ́n sábà ń kó o lọ fọ̀. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lábẹ́ ètò SAP ọdún 1986, apá kò ká owó náà mọ́. Àwọn òṣèré bíi Muyideen Alade Aromire wá yà sí kásẹ́ẹ̀tì VHS. Ẹ̀rọ méjì ni olóòtú ń lò: ọ̀kan ń ṣe eré, èkejì ń gbà á sílẹ̀. Eré wákàtí kan kò lè gbà tó wákàtí kan kó má tíì pé láti dà kọ, bí a bá sì ti ń da ẹ̀dà kọ láti ara ẹ̀dà, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ń ṣá sí i.

Téèpù DV dé ní 1995, iṣẹ́ sì bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Wákàtí kan rẹ̀ tó gígábáìtì 13. Ó tóbi, ṣùgbọ́n àwòrán kọ̀ọ̀kan dá dúró bí ẹyin nínú kíréètì: a lè mú èyí tí a fẹ́ láì fọwọ́ kan èkejì.

Fáìlì H.264, tí ó jáde ní 2003, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán kan ni ó pé. Èyí tí ó tẹ̀ lé e kàn ń sọ ohun tí ó yí padà ni. Kí kọ̀ǹpútà tó fi àwòrán kan hàn, ó ní láti kọ́kọ́ tú àwọn mìíràn tí ó gbára lé. Kámẹ́rà Canon 5D Mark II sọ irú fáìlì yìí di ohun tí gbogbo ayàwòrán ń lò láti 2008. H.265 tẹ̀ lé e ní 2013: ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, tí wọ́n rò pé fáìlì kékeré ni yóò yá jù.

Ní Oko Ọba, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ń gbà iṣẹ́ ṣe bí iná bá lọ, àṣìṣe yìí ń náni lówó. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, wákàtí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣe ohun tí àwọn olóòtú ń pè ní render ti di owó epo gọbọi. Bí iná bá sì kú láàárín, àtìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀hún sábà máa ń padà sí.

Ọ̀nà àbáyọ wà. A lè kọ́kọ́ sọ fáìlì di ProRes, tí Apple gbé jáde ní 2007, tí àwòrán rẹ̀ ń dá dúró. Dírááfù tí ó yára ló kàn fẹ́, nítorí ó tóbi. A sì lè fi ẹ̀dà kékeré ṣe àtúntò, kí a padà sí ojúlówó nígbà ìparí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn kò mú render ìkẹyìn yá. Kọ̀ǹpútà tí ó ní ẹ̀yà tí a dìídì ṣe fún títú H.264 tàbí H.265 náà ń ṣe ìrànwọ́ ńlá.

Ìtàn yìí fi hàn pé owó iṣẹ́ kò lọ rárá, ààyè ni ó ń pààrọ̀. Ayé sẹ́lúlọ́ìdì san án ní òkè òkun; ayé VHS fi ẹwà àwòrán san án; ayé òde òní ń fi wákàtí àti epo san án. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ yá ní yàrá olóòtú gbọ́dọ̀ ti yan irú fáìlì kí kámẹ́rà tó tàn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.