Ojú Tó Rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́: Òṣèré àti Àga Ààrẹ

Ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n kò dùn létí níbikíbi tó bó ṣe dùn ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìtàn ló sọ pé ibẹ̀ ni eré náà ti ṣẹ̀. (Àwọn ará Ìlóbí, tó ní ọ̀dọ̀ àwọn ló ti ṣẹ̀, lè bá mi fa èyí, kí wọ́n máa fà á.) Ìyìn ni àwọn tó ń pa á fi ń ṣe: kò tún sí ohun tí ojú lè rí tó ju èyí lọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ìkìlọ̀ kan lábẹ́ ìyìn náà. Bí ìran bá ti dópin, iṣẹ́ tó kù kì í ṣe ti ojú mọ́. Ìdí nìyí tí òwe yìí fi ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn bóyá òṣèré lè du ipò ààrẹ kó sì yege.

Ẹ wo bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe rí fúnra rẹ̀. Òru ni Ẹ̀fẹ̀, apá orin eré náà, máa ń jáde. Akọrin rẹ̀ a kọ́kọ́ júbà àwọn òrìṣà, a júbà àwọn baba ńlá, a wá júbà àwọn ìyá wa, àwọn tó ni òru. Lẹ́yìn ìjúbà yẹn, ẹnu rẹ̀ kò ní ìjánu mọ́. Ó lè fi orin na olè, ó lè na alágbèrè, ó lè na olóyè tó kó owó ìlú jẹ. Ọba pàápàá kò kọjá ohun tó lè kọrin bá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ torí rẹ̀ mú un. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́, àwọn ọkùnrin a gbé igi gbígbẹ́ sórí, wọ́n a di ọmú àti ìdí obìnrin mọ́ra, wọ́n a máa jó ní méjì-méjì. Orí igi yẹn ni ẹ ó ti rí ejò, alùpùpù, ẹ̀rọ ìránṣọ, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àwòrán olóṣèlú. Ní 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ohun àjogúnbá gbogbo ayé, orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ni wọ́n sì fi kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2008.

Ohun tó ya Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sọ́tọ̀ sí Egúngún ni pé kò sẹ́ni tó ń díbọ́n pé ará ọ̀run ló dé. Àwọn èrò ìwòran mọ ẹni tó wà lábẹ́ igi náà. Wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ iyàwó rẹ̀, wọ́n lè pe orúkọ rẹ̀ bó bá gbẹ́sẹ̀ dáadáa. Wọ́n tún mọ̀ pé kò dá dúró: Ìyáláṣẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, onílù wà, agbẹ́gilére wà, àwọn àgbà ẹgbẹ́ wà. Ẹ̀fẹ̀ tó bú ọba lóru kì í jí lówùúrọ̀ kó ní kí wọ́n wá fi òun jọba. Ìdílé márùn-ún ló ń jẹ Alákétu, ọba Kétu, ní yípo, àwọn afọbajẹ àti Ifá ló sì ń sọ ẹni tó kàn. Nígbà tí Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886, tí ìlú sì tún gbéra sọ ní 1894 lábẹ́ àwọn Faransé, inú àwọn ìdílé ọba yẹn kan náà ni wọ́n ti tún mú ọba. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tí orin rẹ̀ dùn jù.

Ayé òde òní ti da nǹkan méjèèjì pọ̀. Ronald Reagan ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ: òṣèré fíìmù tó wọlé ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1980. Òótọ́ ni, àmọ́ wọ́n fo ohun púpọ̀ kọjá. Ọkùnrin yìí ti ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn òṣèré Hollywood láti 1947, tó ń bá àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ fíìmù jiyàn owó. Ó ṣe gómìnà California fún ọdún mẹ́jọ. Ó wá tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1968, kò rí i, ó tún wá a ní 1976, kò rí i. Ẹni tó wọlé ní 1980 ti di ògbólógbòó olóṣèlú. Ó kàn jẹ́ pé kámẹ́rà kò bà á lẹ́rù. Joseph Estrada ti Filipíìnì náà kò ti orí fíìmù bọ́ sórí àga. Ó ti ṣe mẹ́ẹ̀rì fún nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ti ṣe sẹ́nétọ̀, ó ti ṣe igbákejì ààrẹ, kó tó di ààrẹ ní 1998. Síbẹ̀, ní oṣù kìn-ín-ní 2001, èrò tú sí ìgboro Manila, wọ́n sì lé e kúrò nítorí ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́. Nínú fíìmù, òun ló máa ń gba mẹ̀kúnnù lọ́wọ́ àwọn ajẹnirun.

Ti Volodymyr Zelensky ló le jù láti túmọ̀, nítorí òun ló sún mọ́ ohun tí àwọn èèyàn ní lọ́kàn bí wọ́n bá béèrè ìbéèrè yìí. Ní 2015, ó bẹ̀rẹ̀ eré tẹlifíṣọ̀n kan níbi tó ti kó ipa olùkọ́ ìtàn, tí inú bí sí ìwà ìbàjẹ́, tí àwọn èèyàn wá dìbò yàn ní ààrẹ Yúkréènì láìròtẹ́lẹ̀. Orúkọ eré náà ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Ní alẹ́ tí ọdún 2018 ń lọ ló kéde lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun fẹ́ du ipò náà ní tòótọ́, nígbà tó sì di oṣù kẹrin 2019, ìdá mẹ́tàléláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló dìbò fún un. Wọn kò rí i kó ṣe gómìnà rí, wọn kò rí i kó ṣe aṣòfin. Olùkọ́ inú eré yẹn ni wọ́n rí. Èyí gan-an ni ohun tí èrò ìwòran Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe: wọ́n dìbò fún igi tó wà lórí, wọn kò wo ẹni tó gbé e. Mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Àwọn tó wà lórí àga ti sú wọn, ogun ti ń lọ ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wọn láti 2014, ẹlòmíràn tí wọ́n lè gbé ìbínú wọn lé lọ́wọ́ kò sì pọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, yóò rọrùn láti fi Zelensky ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ní 24 oṣù kejì 2022, Rọ́ṣíà gbógun wọ Yúkréènì. Ní ọjọ́ kejì, Zelensky dúró lálẹ́ ní ìgboro Kyiv pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó fi fóònù ya ara wọn, ó ní àwọn kò lọ síbì kankan. Fídíò náà kò tó ìṣẹ́jú kan, ó sì ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀gágun kò lè fi ẹnu ṣe. Ẹ̀bùn òṣèré nìyẹn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó mọ ibi tí ojú ayé wà, ó sì mọ bí a ṣe ń dúró níwájú ojú yẹn. Mo kàn ń sọ pé òru kan náà kò lè fún un ní ọta ìbọn, kò sì lè bá a yan mínísítà.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní Kétu, Pọbẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́, ó dá mi lójú pé àwọn tó mọ Jẹ́nífà inú fíìmù pọ̀ ju àwọn tó mọ gómìnà Èkó lọ. Fúnkẹ́ Akíndélé tó ń ṣe Jẹ́nífà ni ẹgbẹ́ PDP mú ní 2022 láti ṣe igbákejì fún Olájídé Adédìran, tí wọ́n ń pè ní Jandor, nínú ìdíje gómìnà Èkó. Nígbà tí wọ́n ka ìbò oṣù kẹta 2023, àwọn méjèèjì rí 62,449. Babájídé Sanwó-Olú, gómìnà tó wà lórí àga, rí 762,134. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, Akíndélé gbé fíìmù *A Tribe Called Judah* jáde, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa bílíọ̀nù kan náírà ní sinimá. Òótọ́ ni pé òun kọ́ ló ṣíwájú tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, òótọ́ sì ni pé ìjà ẹgbẹ́ Lébà àti APC ló gba ojú ìdìbò náà. Síbẹ̀, ìlú tó rọ́ lọ sanwó wò ó kò jáde lọ dìbò fún un. Àwọn kan ní àbùkù nìyẹn. Lójú tèmi, ọgbọ́n èrò ìwòran Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n lò: wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n ń wòran, wọ́n sì mọ ìgbà tí wọn kò wòran.

Ṣùgbọ́n ká ní òṣèré kan láti Kétu dìde lónìí, tí gbogbo Bẹ̀nẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ṣe tán láti dìbò fún un. Ìfẹ́ yẹn kò tíì gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Òfin orílẹ̀-èdè ní kó tó ogójì ọdún, kó má ju àádọ́rin lọ, kó máa gbé ní Bẹ̀nẹ̀ lásìkò ìdìbò, kí dókítà mẹ́ta sì jẹ́rìí sí ìlera ara àti ọpọlọ rẹ̀. Ìyẹn rọrùn. Èyí tó le ni ìbuwọ́lùwé. Láti oṣù kọkànlá 2019 ni òfin ti ní kí àwọn aṣòfin àti mẹ́ẹ̀rì buwọ́ lu ìwé òǹdíje, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Nígbà náà, gbogbo aṣòfin 83 tó wà nílé ló jẹ́ ti ẹgbẹ́ méjì tó ń ti Ààrẹ Patrice Talon lẹ́yìn. Ní 2021, òǹdíje mẹ́ta péré ló rí ọ̀nà gbà. Ní 2024, wọ́n sọ ìdá mẹ́wàá di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Aṣòfin ti di 109 nígbà yẹn; òun àti mẹ́ẹ̀rì 77 jẹ́ 186. Ẹni 28 ni òǹdíje gbọ́dọ̀ ní. Ẹgbẹ́ alátakò Les Démocrates ní aṣòfin 28 géérégé ní 2025, ọ̀kan fa ìbuwọ́lùwé rẹ̀ sẹ́yìn, orúkọ òǹdíje wọn, Renaud Agbodjo, sì yọ kúrò nínú ìdíje 2026. Bí agbẹjọ́rò tó ní ẹgbẹ́ odindi lẹ́yìn bá lè ṣubú nítorí ọwọ́ kan, ta ni yóò buwọ́ lùwé fún òṣèré?

Ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ti wà tipẹ́. Nígbà tí olórin Fẹlá Kútì dá ẹgbẹ́ Movement of the People sílẹ̀ láti du ipò ààrẹ Nàìjíríà ní 1979, àjọ elétò ìdìbò kò forúkọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ẹni tí mo rò pé òṣèré tiwa yóò tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀ ni Youssou N'Dour, olórin Sẹ̀nẹ̀gàl tó fẹ́ du ipò ààrẹ. Ní oṣù kìn-ín-ní 2012, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí òfin ilẹ̀ wọn ní ìbuwọ́lùwé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tó yẹ kó kó wá kò pé. Inú bí i, ó figbe ta, lẹ́yìn náà ó gbé èrò rẹ̀ lọ fún Macky Sall tó ń díje. Sall wọlé, N'Dour sì di mínísítà àṣà ní oṣù kẹrin. Ní 2019 àti 2024, nígbà tí Sẹ̀nẹ̀gàl tún dìbò yan ààrẹ, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àwọn tó ń du ipò náà.