Bí Ìró Ọ̀rọ̀ Ṣe Ń Mú Àlọ́ Wọ Olùgbọ́ Lára

Parakou ni ìlú tó tóbi jù lọ ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin. Ibẹ̀ ni ojú irin tó ti Cotonou wá parí sí. Àwọn ọmọ Yorùbá ń bá Bàrìbá, Dendi àti Fúlàní gbé níbẹ̀, èdè Faransé sì ni èdè ilé ìwé. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, àlọ́ kan náà lè ti inú èdè kan bọ́ sí òmíràn. Ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ kì í sábà sọnù. Bó ṣe ń mú ara ẹni ló ń sọnù. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe àkọsílẹ̀ yìí.

Nínú èdè wa, a ń gbọ́ orin, a ń gbọ́ òórùn, a sì ń gbọ́ èdè. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ló so etí, imú àti òye pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn ń ya àwòrán: aṣọ a pupa fòò, omi a tutù nini, ọbẹ̀ a máa ta sánsán, ilé a dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ń bá rìn: fòò kì í bá òkùnkùn rìn, biribiri ni ti òkùnkùn.

Ohùn náà ń ṣiṣẹ́. Rògòdò ni ohun ribiti tó tóbi, rógódó ni èyí tó kéré. Lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. “Ìjàpá lọ jí elégédé lóru.” Ìròyìn lásán nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí apàlọ́ bá ní: “Òkùnkùn ṣú biribiri, ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ tutù nini. Ìjàpá ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Gbì! Nǹkan já lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀,” kò dárúkọ ẹ̀rù, síbẹ̀ àwọn ọmọ á sún mọ́ra. Bó bá fẹ́ ẹ̀rín, á ní: “Ìjàpá gbé elégédé rògòdò lé orí rógódó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.” Olè kan náà, oko kan náà, ìró ọ̀rọ̀ ló yí ojú ìtàn padà.

D. O. Fágúnwà gbé ọgbọ́n ẹnu yìí wọ inú ìwé nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938). Wọlé Ṣóyínká tú u sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. Ẹni tó bá ń túmọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní láti wá ọ̀nà mìíràn tí yóò fi mú ara òǹkàwé, nítorí ohùn Yorùbá kì í bá ọ̀rọ̀ sọdá.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń gba àlọ́ sílẹ̀ ní Parakou àti agbègbè rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ gba ohùn apàlọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó kọ ọ́. Ìlànà ìkọ̀wé tí Benin ń lò láti ọdún 1975 ń fi ɛ àti ɔ kọ ohun tí wọ́n ń fi ẹ àti ọ kọ ní Nàìjíríà. Èyí tó wù kí ẹ lò, ẹ má yọ àmì ohùn, torí láìsí i, rògòdò àti rógódó di ọ̀kan. Ẹ má sì fi “púpọ̀” rọ́pò “fòò”. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti bọ́ àwọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀, ọmọ tó bá sì ka àlọ́ náà lọ́la kò ní mọ̀ pé ó ní àwọ̀ rí.