Iná, Eérú àti Ìwé Àtijọ́

Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ìwé tí ó ní ẹ̀dà níbòmíràn dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí tí kò ní ẹ̀dà, eérú nìkan ni iná ń fi sílẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1845 ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ní etí òkun kan náà tí Sẹ̀mẹ̀ wà. Lẹ́yìn tí àtúntẹ̀ ìwé àkójọ-ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1852, kò dẹ́kun ìwádìí. Ní Rábà àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó ń tẹ́tí sí ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Ní ọdún 1862, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó. Àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe ọdún 11 jóná ráúráú, pẹ̀lú púpọ̀ nínú ìtumọ̀ Ìwé Mósè tí kò tíì tẹ̀. Ìtumọ̀ ṣe é tún ṣe, nítorí Bíbélì tí a túmọ̀ kò jóná. Ṣùgbọ́n owó kò lè ra òwe wọ̀nyẹn padà, Crowther fúnra rẹ̀ kò sì lè rántí gbogbo wọn. Àwọn lẹ́tà tí ó ti fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù là. Wọ́n wà ní Yunifásítì Birmingham lónìí.

Kì í ṣe gbogbo ìwé tí iná bá kàn ni ó ṣègbé. Nígbà tí iná jó yàrá ìkàwé Jagger ní Yunifásítì Cape Town ní oṣù kẹrin ọdún 2021, iná kò dé ọ̀pọ̀ ìwé tí ó wà nísàlẹ̀ ilé, ṣùgbọ́n omi tí a fi pa iná rin wọ́n. Irú ìwé tútù bẹ́ẹ̀ lè bu láàárín ọjọ́ méjì. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọ́ di yìnyín, tí a ó sì máa gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Atẹ́gùn ni ó yẹ é, kì í ṣe oòrùn. A kì í fi tipátipá ṣí ojú-ìwé tí ó lẹ̀ pọ̀, a kì í sì í fi aṣọ tútù nu eéfín. Ewé tí ó ti di èédú ni a ń tẹ́ sáàárín bébà funfun, kí a tètè ya àwòrán rẹ̀.

Ìtọ́jú tí ó dára jù ni èyí tí ó ṣáájú iná. Olùkọ́ Sẹ̀mẹ̀ tí ó ń tọ́jú rẹ́jísítà ilé-ìwé, àti baálé tí ìwé ilẹ̀ wà nínú àpótí rẹ̀, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà, kí wọ́n sì fi í pamọ́ sí ilé mìíràn. Bí Crowther bá ní ẹ̀dà kan péré ní Abẹ́òkúta ni, òwe wọ̀nyẹn ì bá wà lọ́wọ́ wa lónìí.