Ẹni Tí Yóò Yí Ilé Àtijọ́ Padà: Bí Òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí Béèrè Ìdí

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ẹni tí ó bá ronú sí òwe yìí yóò rí i pé àwọn àgbà wa kò ka ilé sí ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà títí bí ó ti wà ní ọjọ́ tí a kọ́ ọ. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ọdọọdún ni àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ń ru koríko bẹẹrẹ wá kí a lè fi tún òrùlé ààfin ṣe. Nígbà tí páànù dé, páànù gorí ààfin, kò sì sí ẹni tí ó ní kí Ikú Bàbá Yèyé kọ̀wé láti sọ ìdí rẹ̀. Mo fi èyí ṣíwájú kí òǹkàwé má baà rò pé mo fẹ́ sọ ọgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì di àwòkọ́ṣe fún wa. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ.

Ní ìgbà tí mo ń kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yàrá kan ni mo háyà nínú ilé tí a ti kọ́ láti ayé Ọbabìnrin Victoria. Onígi ni fèrèsé rẹ̀, irú èyí tí a ń gbé sókè tí a sì ń fà sísàlẹ̀, òtútù sì ń gba àlàfo rẹ̀ wọlé bí ẹni tí ó bá mi san owó ilé. Bàbá onílé fẹ́ yọ wọ́n kúrò, kí ó sì fi fèrèsé oníke tí ó ní gíláàsì méjì rọ́pò wọn. Àṣé àdúgbò náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí òfin yà sọ́tọ̀ nítorí ìtàn àti ìrísí wọn, káńsù sì ti gba òmìnira pípààrọ̀ fèrèsé kúrò lọ́wọ́ àwọn onílé ibẹ̀. Bàbá náà ní láti kọ̀wé: kí ó sọ ohun tí fèrèsé wọ̀nyẹn jẹ́ nínú ìtàn ilé náà, ohun tí yóò bàjẹ́ bí a bá yọ wọ́n, àti ìdí tí ó fi yẹ kí a fara mọ́ ìbàjẹ́ náà. Mo bá a ka ìwé ọ̀hún kí ó tó fi ránṣẹ́. Mo jẹ́wọ́ pé mo rẹ́rìn-ín: ilé rẹ̀ ni, owó rẹ̀ ni, òtútù sì ń mú èmi pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rín náà ni ó mú mi lọ wádìí ibi tí òfin yìí ti ṣẹ̀ wá.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí yà mí lẹ́nu. Kì í ṣe àwọn tí ń wó ilé ni wọ́n kọ́kọ́ bá jà, bí kò ṣe àwọn tí wọ́n ní àwọn ń tún un ṣe. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ayàwòrán ilé a máa họ ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, wọn a yọ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ìran dànù, wọn a sì fi èyí tí wọ́n rò pé ó jọ ti ìṣẹ̀dálẹ̀ sí ipò rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1877, William Morris, akéwì àti oníṣọ̀nà, kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Athenaeum láti tako iṣẹ́ tí George Gilbert Scott fẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Tewkesbury. Ní ọdún kan náà ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo ilé àtijọ́ sílẹ̀. Èrò Morris ni pé a kò ni ilé wọ̀nyí. Olùtọ́jú ni wá fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá mọ bí ilẹ̀ ẹbí ti rí láàárín wa, pé ti òkú ni, ti alààyè ni, ti ọmọ tí a kò ì tíì bí náà ni, kò ní ka ọ̀rọ̀ yìí sí ohun àjòjì.

Òfin kò tètè tẹ̀ lé Morris. Òfin ọdún 1882, tí John Lubbock jà fún, àwọn ohun bí òkúta Stonehenge ni ó kàn. Kò kan ilé tí ènìyàn ń gbé, kò sì lè fi ipá mú onílé. Ogun Hitler ni ó là wọ́n lójú. Nígbà tí bọ́ǹbù ń wó ìlú, wọ́n rí i pé àwọn nílò àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn ní, òfin 1944 àti ti 1947 sì là á sílẹ̀ pé kí a to àwọn ilé pàtàkì lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí bí òfin 1947 ti ń ṣiṣẹ́. Onílé tí ó fẹ́ wó ilé inú ìwé náà kò ní láti tọrọ àyè. Ìkìlọ̀ oṣù méjì ni yóò fún ìjọba. Bí ìjọba bá fẹ́ dá a dúró, ìjọba ni yóò sáré wá àṣẹ, òun ni yóò sì rojọ́.

Èyí hàn gbangba ní Euston. Níwájú téṣàn rélùwéè Euston ní London, ẹnu-ọ̀nà ńlá olókùúta kan wà tí Philip Hardwick yàwòrán rẹ̀, tí a sì kọ́ ní 1837. Ó wà nínú ìwé. Nígbà tí àwọn onírélùwéè fẹ́ tún téṣàn náà kọ́, wọ́n ṣírò pé títú u láti lọ tún un tò sí ibòmíràn yóò ná àwọn ní £190,000, bẹ́ẹ̀ ni £12,000 tó fún wíwó rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1961, àwọn olùfẹ́ rẹ̀ lọ bẹ Harold Macmillan, olórí ìjọba. Kò gbà fún wọn. Nígbà tí ó fi di 1962, kò sí i níbẹ̀ mọ́. Ẹ wo ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ nínú ìtàn yìí! Àwọn tí kò fẹ́ kí nǹkan yí padà ni ó di dandan fún láti wá owó, láti wá ilẹ̀, àti láti wá àlàyé.

Òfin ọdún 1968 ni ó yí ọ̀ràn náà padà bìrí. Láti ìgbà náà, ẹni tí yóò bá wó ilé inú ìwé, tàbí tí yóò yí i padà dé ibi tí ìwà rẹ̀ yóò yàtọ̀, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Bí kò bá gbà á, ó ti di arúfin. Ní ọdún tí ó ṣáájú, 1967, òfin tí Duncan Sandys gbé wá sí Ilé Aṣòfin ti fi àdúgbò kún ilé. Ìlú Stamford ni ó kọ́kọ́ gba àyè yìí. Lónìí, irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí 10,000 ní England. Òfin ní kí ẹni tí ń ṣe ìpinnu níbẹ̀ fiyè sí i gidigidi pé ó dára kí a pa ìwà tàbí ìrísí àdúgbò náà mọ́, tàbí kí a bu ẹwà sí i. Ẹ gbọ́ apá kejì yẹn. Òwe wa kọ́ ni wọ́n ń pa, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ méjì wọ̀nyí di ẹjọ́ ní abúlé Cartmel, níbi tí a ti fẹ́ kọ́ ilé tuntun fún àlùfáà ìjọ. Ṣé dandan ni kí ohun tuntun mú àdúgbò dára jù ti àtẹ̀yìnwá lọ? Ní 1992, àwọn adájọ́ Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù ní bẹ́ẹ̀ kọ́: ohun tí kò bá pa ìwà àdúgbò lára ti pa á mọ́ náà nìyẹn.

Ìlànà tí ìjọba gbé jáde ní 2012, tí wọ́n ti tún ṣe léraléra láìyí gbòǹgbò rẹ̀ padà, ni ó wà lẹ́yìn ìwé bàbá onílé mi. Ẹni tí ń tọrọ àyè ni yóò ṣàlàyé iyì ilé náà, níwọ̀n bí iyì ọ̀hún bá ti tó. Ìpalára yòówù kí ó jẹ́ ń fẹ́ ìdí tí ó yé ni yékéyéké tí ó sì lè yí ènìyàn lọ́kàn padà. Bí ìpalára bá mọ níwọ̀n, a ó gbé e lé òṣùwọ̀n pẹ̀lú àǹfààní tí ará ìlú yóò rí. Ará ìlú ni ìlànà wí. Pé owó gọbọi yóò wọ àpò onílé kò wúwo lórí òṣùwọ̀n yìí. Ṣùgbọ́n pé ahoro yóò tún di ibùgbé, ìyẹn wúwo. Èyí tí ó wù mí jù ni pé bí onílé bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ilé sílẹ̀ kí ó bàjẹ́, a kò ní ka bíbàjẹ́ rẹ̀ sí ìdí. Àwọn tí ó ṣe ìlànà náà mọ ìwà ọmọ aráyé.

Káńsù kò gba fèrèsé oníke. Wọ́n ní kí bàbá onílé tún ti onígi ṣe, kí ó sì fi gíláàsì kejì sí i láti inú yàrá. Ó ráhùn, ó ṣe é. Òtútù dín kù, kò tán. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé òfin yìí kì í rọ àwọn aláìní lọ́rùn. Olówó a háyà ọ̀mọ̀wé tí yóò bá a kọ ìwé rẹ̀. Opó tí òrùlé rẹ̀ ń jò kò rí ẹni bẹ́ẹ̀.

Òfin ilé àtijọ́ tiwa, láti ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba amúnisìn ṣe òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1953. Ní 1956 a kéde pé Ilojo Bar, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn Àgùdà kọ́ ní Tinúbú ní Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Òfin 1979 sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó irú ilé bẹ́ẹ̀ tàbí kí ó yí i padà láìgba àyè lọ́wọ́ Àjọ tí ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Nínú ìwé, Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ jù wá lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, a wó Ilojo Bar. Lẹ́yìn tí ó wó tán ni àlàyé tó gbòde: pé ilé náà ti gbó, pé ó lè wó pa ènìyàn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó jẹ́ kí ó gbó, ní 60 ọdún tí ó fi jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè? Ǹjẹ́ iwájú rẹ̀ kò lè dúró kí a kọ́ tuntun sẹ́yìn rẹ̀? Kí sì ni ìdílé tí ó ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín Èkó ìbá rí gbà bí wọ́n bá pa ilé náà mọ́? Irú ìbéèrè wọ̀nyí ni a bi bàbá onílé mi lórí fèrèsé lásán, kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ilé Olómi tí ìdílé da Rocha kọ́ sí òpópónà Kakawa ṣì wà ní Èkó. Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa: kí wọ́n wọn yàrá rẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán fèrèsé àti àtẹ̀gùn rẹ̀, kí wọ́n gba ìtàn rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ ilé, kí ó lè wà ní kíkọ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wá tọrọ àtiyí i padà.