Bàálù Ogun Tí Gbogbo Ìlú Ń Dìbò Lé Lórí

 Switzerland là ń lọ lónìí, ṣùgbọ́n inú bàálù Etiópíà la ti máa bẹ̀rẹ̀.

Lóru ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2014, bàálù Ethiopian Airlines kan gbéra ní Addis Ababa, ó ń lọ sí Róòmù. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ lé ní 200. Ọ̀gá awakọ̀ dìde lọ ilé ìtura, ni igbákejì rẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta, ó sì darí bàálù sí Geneva, níbi tó ti fẹ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba òun sílé. Bàálù ogun Ítálì tẹ̀ lé e, ti Faransé náà tẹ̀ lé e, títí ó fi balẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀. Bàálù ogun Switzerland fúnra rẹ̀ ńkọ́? Wọn ò tíì dé ibi iṣẹ́. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà yẹn, wọ́n á lọ jẹun ọ̀sán, tó bá sì di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó di ọ̀la nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò fara pa. Igbákejì awakọ̀ náà fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lójú fèrèsé, ó sì fa ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Àmọ́ ayé fi Switzerland rẹ́rìn-ín.

Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí ará ìlú jáde wá dìbò: ṣé ká ra bàálù ogun tuntun 22, àbí ká má rà á? Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á ní wọ́n máa sáré gbà ni. Wọn ò gbà. Ìdá 53.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé rárá.

Kí ló dé? Ká pa dà sẹ́yìn díẹ̀.

Switzerland kì í bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́ ogun, torí náà wọ́n gbà pé àwọn fúnra àwọn ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ òfúrufú àwọn. Wọ́n tiẹ̀ gbìyànjú láti máa ṣe bàálù ogun tiwọn. P-16 lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó já bọ́ sínú adágún odò Constance lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún 1958, ìjọba fagi lé 100 tí wọ́n ti ní kí wọ́n ṣe, wọ́n sì ra Hunter lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. (Ìyẹ́ P-16 yẹn ò ṣègbé o. Òun ni Bill Lear mú wá sórí Learjet, bàálù àwọn olówó.)

Lọ́dún 1961, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ra Mirage 100 lọ́wọ́ Faransé, ní 871 mílíọ̀nù fráńkì. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti tẹ́tí dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìjà tó kù ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ológun ò fẹ́ Mirage bó ṣe wà. Wọ́n yọ rédà Faransé kúrò, wọ́n ní ti Amẹ́ríkà làwọn fẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe kó lè wọ inú ihò àpáta tí wọ́n ń kó bàálù pa mọ́ sí. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá gbé aṣọ lọ fún télọ̀, tó wá ń sọ pé ẹ bá mi fi èyí kún un, ẹ bá mi yọ tọ̀hún. Nígbà tó di 1964, ìjọba pa dà wá sílé aṣòfin: ẹ jọ̀ọ́, owó ò tó o, ẹ fún wa ní 576 mílíọ̀nù sí i.

Ìlú dàrú. Ilé aṣòfin gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí dìde, Kurt Furgler ni alága, ohun tí wọn ò ṣe rí nìyẹn. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé àwọn tó béèrè owó lọ́dún 1961 ò sọ òótọ́ tán fáwọn aṣòfin. Wọ́n yọ ọ̀gá ọmọ ogun òfúrufú nípò, mínísítà tó ń bójú tó ológun, Paul Chaudet, náà sì kúrò nílé ìjọba lọ́dún 1966. Nínú Mirage 100 tí wọ́n ṣèlérí, 57 ni wọ́n rà.

Láti ìgbà yẹn, tí ológun bá ti dárúkọ bàálù ní Switzerland, ará ìlú á kọ́kọ́ béèrè pé: ẹ̀yin wo ló ń sọ iye rẹ̀, ta ló sì yẹ̀ ẹ́ wò?

Òfin wọn wá fún ará ìlú lágbára tó pọ̀. Tí 100,000 èèyàn bá buwọ́ lu àbá kan láàárín oṣù 18, gbogbo ìlú gbọ́dọ̀ dìbò lé e lórí. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní GSoA, tó fẹ́ kí Switzerland má ní ológun rárá. Lọ́dún 1989 wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé ibi ìbò, ìdá 35.6 nínú ọgọ́rùn-ún sì bá wọn gbà á. Wọ́n fìdí rẹmi, àmọ́ kò sẹ́ni tó rò pé wọ́n á ní tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba wá ní òun fẹ́ ra F/A-18 mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n láti fi rọ́pò Hunter tó ti gbó, GSoA jáde sójú títì, wọ́n sì gba nǹkan bí 500,000 ìbuwọ́lùwé láàárín nǹkan bí oṣù kan. Lásìkò tí kò sí WhatsApp! Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1993 ni wọ́n dìbò. Ìdá 57.2 kọ àbá GSoA, F/A-18 sì wọlé.

Ó wá ku Tiger, F-5 tí wọ́n rà láti ìparí àwọn ọdún 1970. Òun ni Gripen ilẹ̀ Sweden fẹ́ rọ́pò lọ́dún 2014, ní 3.1 bílíọ̀nù fráńkì. Rafale àti Eurofighter bá a du ipò náà, ṣùgbọ́n Gripen ló dínwó jù. Lọ́dún 2012, ìwé àṣírí ìgbéléwọ̀n bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníròyìn, ohun tó wà níbẹ̀ sì ni pé Gripen kò dé ojú ìwọ̀n tí ọmọ ogun òfúrufú fúnra wọn là sílẹ̀. Ẹ tún wò ó: Gripen E tí wọ́n fẹ́ rà kò tíì fò rí lọ́jọ́ tí wọ́n ń dìbò. Ọdún 2017 ló kọ́kọ́ gbéra nílẹ̀. Ní tèmi, ìyẹn ló pa á, kì í ṣe pé àwọn èèyàn kórìíra ológun. Ọ̀rọ̀ bàálù Etiópíà yẹn pàápàá ò lè gbà á sílẹ̀, torí Switzerland ní F/A-18 tó lè gbéra láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn tó máa jí dìde láti gbé e ni kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ìparí ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru.

Ìjọba kọ́gbọ́n, àmọ́ ẹ wo irú ọgbọ́n tí wọ́n kọ́. Nígbà tí wọ́n pa dà wá lọ́dún 2020, wọn ò dárúkọ bàálù kankan mọ́. Owó nìkan ni wọ́n béèrè: ẹ fún wa ní 6 bílíọ̀nù, ẹ jẹ́ káwa yan èyí tó dáa. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ni ìbò náà. Ìdá 50.1 ló gbà. Nínú ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta, ìyàtọ̀ rẹ̀ ò tó 9,000. Èrò tó ń wo bọ́ọ̀lù ní pápá kan ṣoṣo lè jù bẹ́ẹ̀.

Oṣù Kẹfà 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ: F-35 ti Amẹ́ríkà, 36. Ìjọba ní òun ló gba máàkì jù nínú mẹ́ta lára ohun mẹ́rin tí àwọn fi wọ̀n wọ́n, àti pé owó rẹ̀ fi nǹkan bí bílíọ̀nù méjì dín sí ti ẹni tó tẹ̀ lé e, téèyàn bá ka ti ọgbọ̀n ọdún pọ̀. Àwọn alátakò tún gba ju 100,000 ìbuwọ́lùwé lọ, wọ́n kó o fún ìjọba ní oṣù Kẹjọ 2022, wọ́n ní àwọn fẹ́ dìbò lórí F-35 gan-an. Oṣù Kẹsàn-án ìjọba lọ buwọ́ lu ìwé àdéhùn, kò dúró de ìbò kankan. Ó bófin mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìyàtọ̀ 9,000 wọlé, tó wá ń sáré bẹ́ẹ̀, ojú ló ń ti èèyàn bá a.

Ohun tí ìjọba ń tẹnu mọ́ ní gbogbo àsìkò yẹn ni pé iye tí àwọn àti Amẹ́ríkà jọ fẹnu kò sí kò lè yí pa dà. Iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò sọ lọ́dún 2022 pé kò dá àwọn lójú. Ìjọba ní kò sí nǹkan tó jọ ọ́.

Oṣù Kẹfà 2025, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Amẹ́ríkà ní ẹ ṣì wá gbọ́ ni, a ò sọ pé iye yẹn ò ní yẹ̀. Àfikún tí ìjọba Switzerland fojú bù jẹ́ láti 650 mílíọ̀nù fráńkì sí 1.3 bílíọ̀nù. Ó di dandan kí wọ́n yan ọ̀kan: kí wọ́n pa dà lọ bẹ̀bẹ̀ owó bíi ti 1964, tàbí kí bàálù dín kù. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ìjọba ní òun ò ní kọjá 6 bílíọ̀nù tí ará ìlú fọwọ́ sí. Wọ́n ní iye F-35 tí owó náà bá ká làwọn máa rà, kò sì ní pé 36.