Uhuru: Sátẹ́láìtì Tí Wọ́n Bí Lọ́jọ́ Ọdún



Ẹ ti mọ̀ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ tí a bá bí lásìkò ọdún lè jẹ́ Abíọ́dún tàbí Bọ́dúndé. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n sọ lórúkọ báyìí gẹ́lẹ́, orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà sì ni wọ́n fún un. Uhuru ni orúkọ náà. Òmìnira ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Swahílì.

Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1970 ni wọ́n ta á sókè láti orí pèpéle irin kan tó ń jẹ́ San Marco, tó wà nínú Òkun Íńdíà létí ilẹ̀ Kẹ́ńyà, nítòsí ìlú Malindi. Ará Ítálì ló ni pèpéle, ará Amẹ́ríkà ló ni sátẹ́láìtì. Ọjọ́ yẹn gan-an ló pé ọdún 7 tí Kẹ́ńyà gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. SAS-1 ni wọ́n ti kọ sínú ìwé tẹ́lẹ̀. Marjorie Townsend, tó ń darí iṣẹ́ náà ní NASA, ló ní kí wọ́n pè é ní Uhuru, láti fi bu ọlá fún àwọn tó gbà wọ́n lálejò. (Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ jẹ́ kí orúkọ obìnrin yìí wà lórí yín.)

Kí ló gbé ará Amẹ́ríkà dé Malindi, nígbà tí wọ́n ní ibùdó tiwọn ní Florida? Malindi kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, ibẹ̀ sì ni ayé ti ń yí kíákíá jù. Òkò tí a jù síwájú láti inú ọkọ̀ tó ń sáré máa ń yá ju ti ẹni tó dúró lójú kan. Ìdí nìyẹn tí rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń jẹ́ Scout fi lè gbé e. Yàtọ̀ sí èyí, sátẹ́láìtì tó bá ń yípo lókè ìlà náà máa ń yẹra fún apá kan lókè gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí ìtànṣán líle ti pọ̀ débi tó fi lè da iṣẹ́ ẹ̀rọ rú.

X-ray ni wọ́n rán an lọ wá láàárín àwọn ìràwọ̀, irú èyí tí dókítà fi ń wo eegun. Ó lè gba inú ẹran ara kọjá, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká kì í jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa. Ààbò ńlá nìyẹn jẹ́ fún wa, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ gòkè kọjá afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1962, Riccardo Giacconi, ọmọ Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta rọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní New Mexico. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá X-ray ń jáde lára òṣùpá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tó lò lókè, ọ̀nà ibòmíràn ni wọ́n ti rí X-ray tó lágbára gan-an, lọ́dọ̀ ohun tí wọ́n wá pè ní Sco X-1. Ṣùgbọ́n kí lèèyàn lè rí tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀?

Uhuru ló yanjú ìyẹn, torí ó lò ju ọdún méjì lọ lẹ́nu iṣẹ́, tó ń rọra yí, tó ń wo gbogbo ojú ọ̀run. Orísun X-ray 339 ló wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ tó kẹ́yìn. Ọ̀kan ń jẹ́ Centaurus X-3: láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tí kò pé, á tàn yanran, á tún rẹ̀wẹ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni láìdákẹ́. Òkú ìràwọ̀ ni, tó ti sún kì títí tó fi kéré bí ìlú kan, tó wá ń fa ara ìràwọ̀ kejì rẹ̀ mu.

Ti Cygnus X-1 ló le jù. Ìtànṣán rẹ̀ ń ṣẹ́jú láìní ètò kankan. Nígbà tí wọ́n rí ìràwọ̀ tó wà níbẹ̀, Louise Webster àti Paul Murdin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, àti Tom Bolton ní Kánádà, ṣàkíyèsí pé nǹkan kan tí ojú kò rí ń fà á yípo láàárín ọjọ́ márùn-ún àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Nǹkan náà wúwo ju ohun tí òkú ìràwọ̀ bíi ti Centaurus X-3 lè wúwo mọ lọ. Òun ni àkọ́kọ́ tí àwọn onímọ̀ gbà ní ihò dúdú, èyí tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fáwọn ọmọ pé Kẹ́ńyà ló ṣe Uhuru. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi orúkọ dá wọn lọ́lá ni, wọn kò fi ẹ̀rọ náà fún wọn. Síbẹ̀, èmi kò ka orúkọ náà sí kékeré. Ní ọdún 1973 ni iṣẹ́ sátẹ́láìtì náà parí, Giacconi sì gba Ẹ̀bùn Nobel ní 2002, ṣùgbọ́n títí dòní, àwọn onímọ̀ ṣì ń kọ 4U ṣáájú nọ́ńbà ọ̀pọ̀ orísun X-ray. Uhuru ni U yẹn.

Tí ojú ọ̀run bá mọ́ lálẹ́ oṣù Kẹjọ, ẹ mú àwọn ọmọ jáde, kí ẹ wo òkè gan-an fún àwọn ìràwọ̀ tó tò bí àgbélébùú gígùn. Cygnus nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ òpó àgbélébùú náà, ní nǹkan bí agbedeméjì rẹ̀, ni Cygnus X-1 wà. Ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní awò kékeré tí a fi ń wo ìràwọ̀ lè rí ìràwọ̀ kejì rẹ̀.